Omi Ló Ń Pa Ọ́kíìdì Yín Nígbà Ọyẹ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà Lórí Ìkòkò Pípààrọ̀ àti Omi Bíbù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ́kíìdì, òdòdó tó ń gbé orí igi yẹn, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́dún tó kọjá, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí n kọ ìwé yìí. Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì àdúgbò wa, tí katapílà wó gbogbo igi ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, a ṣa ọ́kíìdì tó wà lórí àwọn igi yẹn, apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀, a pín in láti ojúlé dé ojúlé, mẹ́ta mẹ́ta, inú gbogbo wa dùn. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ìgbà tí mo máa fi yípo wò wọ́n ní Máàṣì, èyí tó ti kú ju èyí tó wà láàyè lọ, ilé tí mo bá sì dé tí wọ́n sọ fún mi pé "a ò gbàgbé ẹ̀ o, ojoojúmọ́ la ń bomi sí i", ibẹ̀ gan-an ló ti jẹrà pátápátá. Ilé kan wà tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sábúlé láti Dìsẹ́ńbà, tí wọn ò padà dé títí Fẹ́búárì fi parí, kò sẹ́ni nílé, kò sẹ́ni tó fún un ní ẹ̀kán omi kan. Tiwọn ló yè jù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òùngbẹ kọ́ ló pa èyí tó kù. Omi ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí nǹkan tẹ́ ẹ ti mọ̀. Ẹni tó bá ti gbin ewédú lẹ́yìnkùlé rí mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan síbòji, ó mọ bí wọ́n ṣe ń mú kòkòrò kúrò lára ewé. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mò ń rí nílé gbogbo wa, òun ni mo bá wá: ẹ ń fún un lómi nígbà tó ń sùn, ẹ sì tún ń fún un lómi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni, ikú kan náà ni.

Kò kú, ó ń sùn

Ẹ wo iṣu. Tá a bá wa iṣu tán tá a tò ó sínú abà, ta ló ń gbé garawa omi lọ bá a láàárọ̀? Kò sẹ́ni tó máa dán an wò, torí gbogbo wa mọ̀ pé á rà. Iṣu á jókòó síbẹ̀, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó bá wá tó àkókò òun fúnra ẹ̀ á ta ẹ̀hù, ìgbà yẹn la máa mọ̀ pé ó ti jí, la máa gbé e lọ sóko. Bí ọ́kíìdì yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ewé rẹ̀ á pọ́n, á máa já, nígbà míì á já tán, ọ̀pá rẹ̀ á dúró gbọọrọ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbàgbé síta. Ẹ má sunkún. Ọ̀pá tó dà bí ìrèké kékeré yẹn ni abà rẹ̀, ibẹ̀ ló kó omi àti oúnjẹ tó jẹ nígbà òjò pamọ́ sí, òun ló sì máa fi gbéra lọ́dún tó ń bọ̀.

Ansellia africana lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Yẹ́lò ni òdòdó rẹ̀, ó wá ní àmì kéékèèké aláwọ̀ búráùn káàkiri bíi ti ara ẹkùn, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń pè é ní ọ́kíìdì ẹkùn (ẹni tó bá pè é ní Àmọ̀tẹ́kùn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n tiwa yìí ò lè mú olè). John Ansell, òyìnbó kan tó bá wọn rin ìrìn àjò Odò Ọya lọ́dún 1841, ni wọ́n fi sọ ọ́, ìrìn àjò yẹn kan náà ni Àjàyí Crowther bá wọn lọ, erékùṣù Fernando Po tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí ni Ansell ti rí i, ọdún 1844 ni John Lindley, onímọ̀ nípa ewéko, sì kọ orúkọ ọ̀hún sílẹ̀. Àlejò mọyì ẹ̀ débi tó fi sọ ọ́ lórúkọ, àwa onílé, àfòmọ́ là ń pè é, àdá la fi ń gé e dànù.

Àfòmọ́ kọ́ ni o. Àfòmọ́ máa ń ti ìdí bọ inú ẹ̀ka kòkó tàbí obì, á máa mu nínú nǹkan tí igi ń mu, ẹ bá a jà, ẹ gé e, mo wà lẹ́yìn yín. Ọ́kíìdì kàn jókòó sórí igi ni, gbòǹgbò rẹ̀ ò wọ inú ẹ̀ka, omi òjò àti ewé gbígbẹ tó já lé e lórí ló ń jẹ. Gbòǹgbò funfun tó nàró sókè ṣóńṣóṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ yẹn, apẹ̀rẹ̀ tó fi ń gba ewé tó já ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan fi abẹ́ ìfárí fá gbogbo ẹ̀ kúrò, ó ní ó rí játijàti.

Gbòǹgbò tó kù, ẹ wò ó dáadáa, ó ní awọ funfun kan lára tó dà bíi fóòmù. Tí omi bá kàn án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á di àwọ̀ ewé, tó bá gbẹ á padà funfun bí eérú. Nígbà tó ń sùn gbòǹgbò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mumi, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i á kàn dúró sínú fóòmù yẹn ni, á bà á jẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí omi ṣe máa rí láti oṣù dé oṣù

Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 15 ni mo fi ṣe ìṣirò yìí, píọ́ wọ́tà ni mo sì fi wọn omi torí kò sílé tí kò sí, ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ntílítà 50. Tí ìkòkò yín bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tó wà láàárín ò yí padà.

Láti Méè títí Sẹ̀tẹ́ńbà á fi parí, ìgbà tó ń dàgbà nìyẹn, ẹ fún un lómi. Tó bá wà níta tí òjò ń kan án, tí òjò sì ń rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má fi tiyín kún un. Tó bá wà lábẹ́ òrùlé, ọ̀rá kan ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí omi ṣàn jáde nísàlẹ̀, àwo tó ń gba omi lábẹ́ ìkòkò, ẹ gbé e kúrò, ẹ lọ fi jẹun. Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì wà láàárín ibẹ̀, ó sì máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n á rí i pé òjò dáwọ́ dúró, wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, wọ́n á fi omi dù ú lóṣù tí ọ̀pá tuntun ń yọ sókè. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́. Ẹ fi ọwọ́ bu omi fún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí òjò á fi padà.

Tí Ọ̀kùtóbà bá wọlé, ọ̀rá kan lọ́sẹ̀ kan. Nòfẹ́ńbà, ààbọ̀ ọ̀rá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, láàárọ̀ kí aago 9 tó lù, kó lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Látìgbà tẹ́ ẹ bá ti jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tẹ́ ẹ rí kùrukùru ọyẹ́, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, ẹ dá omi dúró. Dìsẹ́ńbà, òdo. Jánúárì, òdo. Fẹ́búárì, òdo.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Ìyá Ìbejì kan tó ń ta aṣọ lọ́jà, tó ti tó ọdún méje tó ń tọ́jú fúláwà, òun náà ló pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àánú ẹ̀ ló ṣe mí, èmi tí mò ń mumi lójoojúmọ́ gan-an, ẹ wo ètè mi, kí wá ni òun á máa sọ?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi òrí pa ètè yín, ẹ fi ọ́kíìdì sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìkòkò rẹ̀ dání, ó wúwo bí ìkòkò ọbẹ̀, mo fa ọ̀pá kan, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ láìjà, ìdí ẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó pẹ́ jù nínú omi. Omi tó dà sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà nísàlẹ̀.

Tí ọ̀pá bá hunjọ díẹ̀ bí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀, ẹ fi sílẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àfi tó bá hunjọ débi pé ó rọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní sẹ̀ntílítà 10, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀rá kan, lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún wò ó. Eruku ọyẹ́ tó bà lé ewé tó kù, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti fún dáadáa nù ún, kò gbọdọ̀ sí omi tó máa ṣàn lọ sídìí ewé.

Ẹni tí kò dá ojú ẹ̀ lójú, ẹ wá igi súyà kan, ẹ fọ ata ara ẹ̀ kúrò, ẹ tì í bọ àárín ìkòkò títí á fi kanlẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú 10, ẹ fà á yọ, ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fi kún un, ì báà jẹ́ Júùnù ni. Oṣù mẹ́ta òdo yẹn ò nílò igi súyà.

Ìkòkò pípààrọ̀: ẹ wojú ẹ̀hù, ẹ má wo kàlẹ́ńdà

Ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ̀ẹ̀kan ti tó. Àwọn kan ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹní ń pààrọ̀ kọ́tìnì fún ọdún Kérésì, oṣù Dìsẹ́ńbà ni wọ́n sì máa ń ṣe é torí wọ́n fẹ́ kílé dára. Ẹ máa kun ògiri yín, ẹ fi ọ́kíìdì sílẹ̀ lóṣù Dìsẹ́ńbà. Gbòǹgbò tẹ́ ẹ bá dá lójú oorun ò ní jinná, tuntun ò sì ní yọ.

Ìgbà tó dáa ni ìgbà tí ẹ̀hù bá yọ nídìí ọ̀pá tó yọ kẹ́yìn, tó sì ti gùn tó sẹ̀ntímítà 5, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ba ẹ máa rí orí gbòǹgbò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, funfun tàbí àwọ̀ ewé, kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Lọ́dọ̀ wa níbí ìparí Máàṣì sí Épírì ló máa ń bọ́ sí. Àkọ́rọ̀ òjò kan ṣoṣo tó bá ṣèèṣì rọ̀ ní Fẹ́búárì ò túmọ̀ sí nǹkan kan, ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ òrùlé kó má kàn án, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé òjò yẹn ló mú wọn sáré lọ ra ìkòkò tuntun, nígbà tí ẹ̀hù máa yọ, ìdí ti rà.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa kó sínú ìkòkò: èédú kọ́ńgò 3, èèpo ìta àgbọn, onírun yẹn, tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́, kọ́ńgò 2, àpáàdì kọ́ńgò 1. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bí awẹ́ obì, kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ kò dáa, tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kò dáa. Ẹ jọ èédú kẹ́ ẹ da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ nù, ẹ fọ ọ́ títí omi á fi mọ́. Èédú tí wọ́n ti fi sun súyà tàbí bọ̀ọ̀lì rí, tàbí tí wọ́n fi kẹrosíìnì dáná sí, kò wọ̀ ọ́. Èèpo àgbọn, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa da omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́, ẹ pọn tuntun sí i, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ wá sá gbogbo ẹ̀ sóòrùn kó gbẹ kankan kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ilẹ̀dú ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Kò sí ilẹ̀dú níbẹ̀. Kò sí ìgbẹ́ adìyẹ, kò sí sọ́dọ́ọ̀sì, kò sí iyanrìn. Orí igi ni nǹkan yìí ti wá, afẹ́fẹ́ ló mọ̀. Màmá kan fi ilẹ̀dú tó dáa gan-an gbìn ín, ó fi ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ó tún bò ó mọ́lẹ̀ dé ìbàdí bí ẹni gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó ráyè jẹun. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló lò.

Ìkòkò amọ̀ ló dáa jù, kó ní ihò tó márùn-ún tí ọmọńdinrín lè wọ̀, tó bá jẹ́ ìkòkò rọ́bà ẹ fi irin gbígbóná lu ihò sí i, lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbọdọ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àyè tí ọ̀pá méjì tuntun á gbà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín in, ọ̀pá mẹ́ta ló kéré jù nínú ìdì kan, ẹni tó bá gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè pọ̀ láti fi tọrẹ, kò ní rí òdòdó fún ọdún gbọọrọ, àwọn tó fi tọrẹ náà ò ní rí i.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò àtijọ́ nígbà tó gbẹ, ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ẹ gbọn èyí tó bá fẹ́ jábọ́. Gbòǹgbò tó le, tó kún, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fà á tí awọ rẹ̀ bọ́ tó ku òwú tín-ín-rín nínú, ó ti kú, ẹ gé e. Ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa lò, ẹ fi ojú rẹ̀ sínú iná gáàsì títí á fi gbóná janjan, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ sì tún fi í sínú iná kẹ́ ẹ tó kan òmíràn. Ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ fi sinámọ́nì lílọ̀ díẹ̀ pa á, ojú ibi tẹ́ ẹ gé nìkan ṣoṣo, kó má kan gbòǹgbò tó dáa torí á gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sórí pépà níbòji fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì gidi. Ẹ ò ní sáré gbìn ín lálẹ́ ọjọ́ yẹn torí ẹ fẹ́ palẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kó àpáàdì sísàlẹ̀ ìkòkò tó sẹ̀ntímítà 3, ẹ fi ọ̀pá tó dàgbà jù ti etí ìkòkò kan, kí ẹ̀hù kọjú sí àárín tí àyè wà, ẹ wá máa kó èédú àti èèpo àgbọn yẹn yí i ká, ẹ fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kó jókòó. Ìdí ọ̀pá ò gbọdọ̀ wọlẹ̀, orí ẹ̀ ni kó jókòó lé. Tó bá ń mì, ẹ fi igi kan ti í lẹ́yìn, ẹ fi sítọ́kìn tó ti ya dì í mọ́ ọn, wáyà máa ń gé e lára.

Ẹ ti gbìn ín tán. Ọwọ́ yín ti ń lọ síbi kẹ́ẹ̀tù omi. Ẹ dúró.

Ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, ẹ ò ní da omi kankan sínú ìkòkò. Tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ fín omi fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ sára ìkòkò níta àti sára ewé, láàárọ̀, ó tán. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ààbọ̀ ọ̀rá lọ́sẹ̀ kan, etí ìkòkò ni kẹ́ ẹ dà á sí, kó má kan ẹ̀hù, torí omi tó bá dúró sínú ẹ̀hù lóru máa ń jẹ ẹ́ rà. Bẹ́ ẹ ṣe máa máa bá a lọ nìyẹn títí gbòǹgbò tuntun á fi gùn tó sẹ̀ntímítà 8, ìyẹn bí ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rá kan ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta tí mo sọ lókè. Ọ̀pọ̀ yín ni kò ní lè ní sùúrù yẹn, mo mọ̀ yín, ẹ máa rí ẹ̀hù, ẹ máa ní "ó ti jí, ebi á máa pa á". Ẹ̀hù ò ní ẹnu. Gbòǹgbò ló ní ẹnu, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ.

Àjílẹ̀: ẹ̀yìn tí gbòǹgbò bá ti gùn tó yẹn nìkan. NPK 20-20-20 tó máa ń yọ́ sínú omi, ìdajì ṣíbí tíì nínú omi líta 4, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin ín kẹ́ ẹ tó da èyí sí i. Ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà. NPK 15-15-15 oníkóróóró tẹ́ ẹ kó bọ̀ láti oko àgbàdo, ẹ dá a padà sóko àgbàdo.

Omi òjò ló dáa jù. Tí ẹ ò bá ní, omi kànga tó mọ́ náà ṣe é lò. Bóòhóòlù tó bá ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀tù yín, bó ṣe ń ṣe kẹ́ẹ̀tù ló ń ṣe gbòǹgbò.

Àwọn tí kì í sùn

Ẹ má wá fi ìwé yìí pa Phalaenopsis yín o. Èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó nípọn bí ahọ́n màlúù, tí òdòdó rẹ̀ tò sára igi kan bíi labalábá, wò ó dáadáa, kò ní ọ̀pá. Ẹni tí kò ní abà kì í gbààwẹ̀ oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ fún un lómi, ọyẹ́ tàbí òjò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ láàárín. Vanda tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ jọ̀bọ̀lọ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìsí ìkòkò, ojoojúmọ́ ni, nígbà ọyẹ́ gan-an ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Èyí tó ń sùn bíi tiwa pọ̀ díẹ̀. Eulophia guineensis wà nílẹ̀ wa níbí, ilẹ̀ lòun ń gbé, kì í gun igi, òdòdó rẹ̀ pọ́ọ̀pù díẹ̀ ó tún píǹkì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ewé rẹ̀ máa ń já tán, ó ku kókó bí ẹyin ẹyẹlé lórí ilẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fi ń fọkọ́ hú u jù sórí ààtàn. Ẹ fi igi kan sàmì síbẹ̀ kí ọmọ tó ń roko má baà hú u. Dendrobium nobile náà ń sùn, apá Íńdíà àti Ṣáínà ló ti wá, àwọn oníṣòwò fúláwà sì ń tà á fún yín l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Owó yín ni ẹ ń dà nù. Òtútù alẹ́ ló ń mú un yọ òdòdó, alẹ́ tiwa níbí ò tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà ní Jos lè gbìyànjú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fún un lómi nígbà tó ń sùn, dípò òdòdó, ọmọ kéékèèké ló máa yọ sára ọ̀pá rẹ̀, ẹ ó wá máa pe èèyàn wá wò ó bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ni.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń bi mí lórí fóònù, Dendrobium nobile dára lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé e síbi tó tutù tó mọ́lẹ̀, jìnnà sí hítà, láti Nòfẹ́ńbà títí ẹ ó fi rí i pé ìdì òdòdó ti yọ, kí omi rẹ̀ má ju èyí tí kò ní jẹ́ kí ọ̀pá hunjọ jù lọ. Ẹ má sọ pé kí màmá fi Ansellia sínú àpótí wá bá yín. Gbogbo ìdílé ọ́kíìdì ló wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí wọ́n ń pè ní CITES, láìsí ìwé àṣẹ wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú, màmá lá sì máa ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni nínú wa níbí má gun igi lọ ká a nínú igbó. Èyí tí igi rẹ̀ ti wó nìkan ni ẹgbẹ́ wa ń kó.

Ìgbín, ẹ wò ó lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ló fi ń gun igi lóòótọ́, ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ náà ló fi ń jẹ orí gbòǹgbò tuntun tán lóru kan ṣoṣo. Ẹ gbé ìkòkò kọ́ sókè, tàbí kẹ́ ẹ mú ìgbín, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe.

Ẹni tó ti bomi sí i kó tó ka ìwé yìí

Tó bá jẹ́ àárọ̀ yìí ni, ẹ dojú ìkòkò dé, ẹ di ìdí ọ̀pá mú kó má bọ́, kí omi tó lè jáde jáde, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ fọwọ́ kan ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le, ó wà láàyè. Èyí tó bá rọ̀ tó dúdú, ẹ gé e kọjá ibi tí dúdú dé, títí ẹ ó fi rí inú tó funfun, tẹ́ ẹ ò bá rí funfun, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má tò ó ti àwọn tó kù.

Ọ̀pá tó kù láìní gbòǹgbò, láìní ewé, ẹ má tíì jù ú. Ẹ fi sinámọ́nì pa ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ gbalaja sórí èèpo àgbọn tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù tọwọ́tọwọ́, nínú ike tó ní ìdérí tẹ́ ẹ ti lu ihò sí. Síbòji. Ẹ ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì tó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lára tiẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ mi méjì lọ. Ó gbé e sínú ike áísìkiriìmù lórí fèrèsé kíṣìnì. Lọ́sẹ̀ kejì oṣù Épírì ó pè mí láàárọ̀ kùtù, ó ní nǹkan kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, àwọ̀ ewé, ó kéré bí ọmú ológbò. Mo ní ṣé ẹ ti fún un lómi? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Rárá o, mo ti fún Bàbá Ìbejì ní kẹ́ẹ̀tù gbé pamọ́."